Ilé Ìwòsàn Tó Wà Láàárín Odò

Mètírọ́nù ló kọ́kọ́ rí i pé ilé ìwòsàn òun ti rì sómi.

Wọ́n tẹ́ àwòrán méjì sórí tábìlì gígùn inú yàrá ìpàdé láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀kan láti iléeṣẹ́ kìíní, ọ̀kan láti iléeṣẹ́ kejì. Ìdíje ni. Ilé ìwòsàn mẹ́rìnlá, tí wọ́n fọ́n ká orí òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀ fádìẹ, ni wọ́n fẹ́ fi okùn so kọ̀ǹpútà wọn mọ́ra wọn, kí dókítà tó wà lókè lè máa wo fọ́tò egungun aláìsàn tó wà nísàlẹ̀ láìdìde lórí àga. Iléeṣẹ́ tí ètò rẹ̀ bá gún régé jù ni yóò na okùn náà. Mètírọ́nù ni alága ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ wọn wò. Ó ti awò ojú rẹ̀ sókè imú, ó fi ìka wá ilé ìwòsàn tòun fúnra rẹ̀ lórí àwòrán kìíní, ó sì bá a láàárín odò gbagada.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni ó wí. "Àwa rèé tí à ń wẹ̀."

Gbogbo ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Ta ni kì í ṣàṣìṣe? Ṣùgbọ́n nígbà tí ìka Mètírọ́nù dé orí àwòrán kejì, tó tún bá ilé ìwòsàn kan náà nínú odò kan náà, ní kọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà ṣe gbà nínú èkíní náà ló gbà nínú èkejì. Èèyàn méjì lè gbọ́n bákan náà, ṣùgbọ́n wọn kì í sábàá gọ̀ bákan náà. Ẹnì kan ti jí iṣẹ́ ẹnì kejì.

Mètírọ́nù ò fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó ní bí olè náà kò bá hàn nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù, iléeṣẹ́ méjèèjì yóò gbé àwòrán wọn, wọn yóò gba ilé lọ. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́pàá, àwọn ọlọ́pàá sì rán Atọpinpin.

Láyé ìgbà náà, kọ̀ǹpútà ṣì sanra. Ó máa ń kùn, ó sì máa ń gbóná débi pé ológbò ọ́fíìsì kì í sùn síbòmíràn. Atọpinpin kò fọwọ́ kan ọ̀kan rí láyé rẹ̀. Aránṣọ ni kó tó di ọlọ́pàá, ó ku ọdún méjì kí ó fẹ̀yìn tì, téèpù ìrànṣọ kan tó ti ṣá sì wà nínú báàgì rẹ̀ lójoojúmọ́, níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó ìwé sí. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ bi í bóyá ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò ní ta kókó mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ní ẹni tí kò mọ nǹkan ló máa ń béèrè nǹkan dáadáa.

Iléeṣẹ́ kìíní ló kọ́kọ́ yà sí. Ọ̀gá Onítáì ni wọ́n ń pe olórí ibẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó rí táì kan náà lọ́rùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Ti ọjọ́ náà jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó ní ẹyẹ kéékèèké lára. Kò tíì jẹ́ kí Atọpinpin jókòó tó fi na ìwé kan sí i. Lẹ́tà ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ ni. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán, ó ku kó buwọ́ lù ú.

"Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, Màmá," ni ó wí. "Olè ti wà nílẹ̀. Òṣìṣẹ́ mi kan ló fa gbogbo ìlà yẹn. Àbúrò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kejì. Ó wá síbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì gbé bébà tí wọ́n ká jáde lábẹ́ abíyá. Akọ̀wé mi fojú ara rẹ̀ rí i."

"Ẹ ti rí ohun tó wà lára bébà náà?"

"Kí ló tún lè wà níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀," ni Atọpinpin dáhùn. "Ìdí tí mo fi béèrè nìyẹn."

Ọ̀gá Onítáì fọwọ́ pa táì rẹ̀. Ó ní aago mẹ́rin lòun náà yóò buwọ́ lu lẹ́tà, pé òun fẹ́ kí ìgbìmọ̀ rí i pé ilé òun mọ́.

Afàlà ni gbogbo ọ́fíìsì ń pe òṣìṣẹ́ náà, nítorí ìlà fífà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún méje ló ti lò nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn àkàsọ̀, níbi tí òdòdó kan ti gbẹ sójú fèrèsé, tí sálúbàtà méjì tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn wà lábẹ́ tábìlì. Atọpinpin rò pé òun yóò bá a nínú ẹkún. Ó bá a tó ń gbẹ́ pẹ́ńsù. Ó ti gbẹ́ mẹ́tàdínlógún, gbogbo wọn tò sílẹ̀ ṣóńṣó bí ẹgbẹ́ ọmọ ogun, kò sì tíì dúró.

"Ọmọ mi," ni Atọpinpin wí, "jẹ́ kí àwọn tó kù sinmi. Wá sọ iṣẹ́ rẹ fún mi bí ẹni ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ."

Afàlà wò ó, ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀, ó sì tan kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣètò bí okùn yóò ṣe so ìlú mọ́ ìlú kí wọ́n tó ra okùn rárá. Òyìnbó tó ṣe é fún un lórúkọ gígùn kan, ṣùgbọ́n Wòóṣáájú ni àwọn ń pè é ní ọ́fíìsì, iléeṣẹ́ kejì náà sì ra tiwọn. Atọpinpin bi í léèrè ìdí tí wọn kò kàn fi na okùn náà, kí wọ́n wò ó bóyá yóò ṣiṣẹ́.

"Màmá, ìyẹn dà bí kéèyàn gé aṣọ kó tó wọn oníbàárà."

Inú Atọpinpin dùn. Èdè tí ó gbọ́ nìyẹn. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ kọ̀ǹpútà.

Afàlà fi hàn án. Ó gbé ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan sójú àyè rẹ̀ lórí máàpù, ó fa ìlà láàárín wọn, ó sọ iye èèyàn tí yóò máa lò ó níbẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnì. Àwọn àmì tíntìntín bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ìlà bí eèrà tó ń kó ṣúgà lọ sílé. Ìlà tí ẹrù kò wọ̀ lọ́rùn di aláwọ̀ ewé. Èyí tó ń mí hẹlẹ di pupa.

"Ibi tó bá pupa," ni Afàlà wí, "ibẹ̀ ni aláìsàn yóò ti máa retí."

"Ilé ìwòsàn inú odò ńkọ́?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, Afàlà rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé títì kan ló wà láàárín ilé ìwòsàn Mètírọ́nù àti ilé ìwòsàn ojú. Bí ẹni tó wà lọ́hùn-ún bá sín, ẹni tó wà níhìn-ín yóò kí i. Lórí máàpù gbogbo agbègbè, àwòrán ọ̀kan bo ìkejì mọ́lẹ̀. Òun wá fa ti Mètírọ́nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí méjèèjì lè hàn, inú odò ló sì bọ́ sí. Ṣùgbọ́n Wòóṣáájú kò mọ̀ pé ńṣe lòun sún un. Ibi tí àwòrán bá wà ló fi ń wọn ìlà. Ẹni tó bá sún nǹkan gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ gígùn tòótọ́ sí i. Òun tẹ ọgbọ̀n mítà.

"Bí o kò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

"Á gbà gbọ́ pé wọ́n kọ́lé ìwòsàn sínú omi lóòótọ́, Màmá. Á ní kí wọ́n ra okùn títí dé ibẹ̀."

Atọpinpin béèrè ibi tí iṣẹ́ náà wà yàtọ̀ sí inú kọ̀ǹpútà yìí. Afàlà ní yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n gbé fún ìgbìmọ̀ láàárọ̀, òun tẹ ẹ̀kan péré jáde, òun náà ló wà lára ògiri lẹ́yìn wọn yẹn, tó gùn bí ìbùsùn. Ó ronú díẹ̀, ó ní òun tún fi àwòrán rẹ̀ nìkan sórí fíláàṣì fún Ọ̀gá, nítorí Ọ̀gá ní òun fẹ́ máa wò ó nílé. Àbúrò òun wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lóòótọ́. Ó wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìyá àwọn ni.

Ó tún mú pẹ́ńsù kan.

"Bí wọ́n bá fi orúkọ olè lé mi kúrò níbí, kò sí ẹni tí yóò tún jẹ́ kí n fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà òun. Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo sì mọ̀ ọ́n ṣe, Màmá."

Atọpinpin kò ṣèlérí kankan. Ó gba pẹ́ńsù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú báàgì tirẹ̀.

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ kejì, orí òpó ni àbúrò Afàlà wà. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, gígun òpó fún iléeṣẹ́ tó bá so okùn. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òógùn lójú àti ìbínú lọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ ti ta sí i létí.

"Ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan ife tíì rẹ̀," ni ó wí, "ká tó wá sọ iṣẹ́ rẹ̀. Kí ni màá tiẹ̀ fi ṣe? Èmi tí mo bá rí kọ̀ǹpútà, màá ní ẹni tó jókòó tì í kú ìjókòó."

"Bébà tí o gbé jáde ńkọ́?"

Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Atọpinpin sì rí i pé ara ń tì í. Ó ní bébà àlòkù ni. Ọmọ òun obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, fẹ́ràn àtimáa ya nǹkan, bébà olówó nínípọn bẹ́ẹ̀ kò sì sí nílé àwọn. Ilé wọn kò ju títì méjì lọ. Atọpinpin ní kí àwọn lọ.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló tẹ́ bébà náà sílẹ̀ fún un pẹ̀lú ìgbéraga. Ewúrẹ́ ńlá kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Atọpinpin ka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jẹ́ márùn-ún.

"Ìyá mi, ẹsẹ̀ karùn-ún yìí ńkọ́?"

"Ti ìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́ ni," ni ọmọ náà dáhùn, bí ẹni pé ó yẹ kí àgbàlagbà mọ ìyẹn.

Atọpinpin yí bébà padà. Ìlà wà níwájú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti àwọn báǹkì ni, ọjọ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti lé lọ́dún kan. Ẹ̀rí Akọ̀wé fọ́ sọ́wọ́ ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún. Síbẹ̀, Atọpinpin mọ̀ pé Ọ̀gá Onítáì yóò ní bébà méjì ló gbé, pé ọ̀kan ló fi hàn. Ẹni tó bá ti fẹ́ rí olè lójú ẹnì kan kì í ṣàìrí i.

Kó tó kúrò ládùúgbò náà, ó padà sí iléeṣẹ́ kejì lọ kí ẹni tó fa ìlà tiwọn. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tutù, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó sì fún un ní omi. Ó ní iṣẹ́ òun ni, òun ò jí nǹkan kan, bóyá àwọn tọ̀hún ló wo tòun. Atọpinpin bi í pé kí ló gbé ilé ìwòsàn dé inú odò. Onírùngbọ̀n fọwọ́ nu irùngbọ̀n rẹ̀, ó ní Wòóṣáájú ló gbé e síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Atọpinpin mu omi náà tán, ó dúpẹ́, ó sì jáde. Afàlà mọ ìdí tí ilé fi wà nínú odò. Onírùngbọ̀n bá a níbẹ̀ ni. Ẹni tó bí ọmọ àti ẹni tó gbé ọmọ lójú ọ̀nà, ohùn wọn kì í jọra bí a bá béèrè àpá tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ta ló jí i ti yé e. Bó ṣe dé ọwọ́ rẹ̀ ló kù, èyí gan-an ló sì lè gba Afàlà là.

Aago kan ti lù nígbà tó padà sí yàrá ìpàdé. Mètírọ́nù ń jẹ búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán méjèèjì, ó ń ṣọ́ wọn bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Atọpinpin yọ téèpù rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìlà, ó ń pe nọ́ńbà, Mètírọ́nù sì ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kan. Ó wọn ọ̀tún sósì, ó wọn òkè sísàlẹ̀, ó tún un wọ̀n. Ó wá gbé awò ojú sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀.

Ó rántí ọmọ iṣẹ́ kan tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń ránṣọ. Wọ́n gbé aṣọ iléèwé ọmọdé kan fún un, aṣọ tí wọ́n mú wá sì tín-ín-rín. Ọmọ iṣẹ́ kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gé e kí gígùn rẹ̀ pé, ó sì fi fífẹ̀ rẹ̀ bá aṣọ mu. Ọmọdé náà wọ̀ ọ́ tán, kò lè mí.

"Mètírọ́nù, láti ilé ìwòsàn orí òkè sí ti etí igbó, kìlómítà mélòó ni?"

"Méjìlélọ́gọ́ta. Ọ̀nà náà tọ́ bí ọ̀pá. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń gbà á, ìdí mi mọ gbogbo kòtò ibẹ̀ lórúkọ."

"Afàlà kọ méjìlélọ́gọ́ta. Iléeṣẹ́ kejì kọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"Ọkọ̀ wo ni wọ́n wọ̀?"

"Láti ibi afárá sí ibi òkúta ńkọ́, láti òkè wá sísàlẹ̀?"

"Mẹ́rìnlélógójì."

"Àwọn méjèèjì kọ mẹ́rìnlélógójì."

Bó ṣe rí káàkiri nìyẹn. Ìlà tó bá ti òkè wá sísàlẹ̀, ó pé. Èyí tó bá ti òsì lọ sọ́tùn-ún, ó dín ní ìdajì, iléeṣẹ́ kejì sì tipa bẹ́ẹ̀ dá iye okùn tó kéré gan-an. Títì tó wà níwájú ilé ìwòsàn Mètírọ́nù nìkan ló wá di kìlómítà méje, nítorí ẹnikẹ́ni ò tẹ ọgbọ̀n mítà sí i.

Atọpinpin ká téèpù mọ́ ìka, ó sì rò ó jáde fún Mètírọ́nù. Bí ó bá jẹ́ pé Afàlà ló ta iṣẹ́ náà, tàbí pé ẹnì kan jí i nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, gígùn tòótọ́ ìbá bá a lọ, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni yìí kò rí gígùn kankan. Àwòrán lásán ló rí, ó fi ojú tún un yà sínú Wòóṣáájú, ó sì jẹ́ kí Wòóṣáájú bá a wọ̀n ọ́n. Àwòrán tó rí kì í sì í ṣe èyí tó wà lára ògiri Afàlà, nítorí ìyẹn gùn, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì gíga rẹ̀. Ẹnì kan ti fún àwòrán náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kó lè bá nǹkan kan mu tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba.

"Kí ni nǹkan náà?" ni Mètírọ́nù béèrè. "Áńkáṣíìfù?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ wá a. Wákàtí méjì ààbọ̀ ló kù."

Kò wá a jìnnà. Ọ́fíìsì Ọ̀gá Onítáì ló padà sí, nítorí òun nìkan ni Afàlà fún ní àwòrán lórí fíláàṣì. Ọ̀gá bi í bóyá àbúrò ti jẹ́wọ́. Ojú Atọpinpin ti wà lórí páálí funfun kan tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, tí ẹnu táì mẹ́ta tàbí mẹ́rin yọ jáde láti inú rẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun rí i. Ó fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Páálí tó dára," ni ó wí. "Kí ló kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀?"

Ojú Ọ̀gá Onítáì mọ́lẹ̀ kedere. Ó ní kéèkì ni. Iléeṣẹ́ pé ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, òun sì fẹ́ ya àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu. Òun fọwọ́ ara òun mú fíláàṣì lọ bá Ìyá Oníkéèkì tó wà ní ìkóríta, òun ní kó fi ṣúgà ya iṣẹ́ tó dára jù tí àwọn ti ṣe sójú kéèkì. Ó yà á débi pé ó ṣe èèyàn láàánú láti gé e.

"Ó sì wọ ojú kéèkì dáadáa, bó ṣe gùn tó yẹn?"

"Kò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ìyá Oníkéèkì ní òun yóò kàn fún un díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́..."

Ọ̀gá Onítáì wo páálí. Kò tíì yé e, ṣùgbọ́n ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú. Atọpinpin ti bọ́ sóde.

Òórùn fàníílà ni ó kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ ní ìkóríta. Ìyá Oníkéèkì jẹ́ obìnrin pẹ̀lẹ́bẹ́ tó máa ń gbàgbé orúkọ èèyàn ṣùgbọ́n tí kì í gbàgbé kéèkì. Álíbọ́ọ̀mù ńlá kan wà lórí káńtà rẹ̀, tó ń kó fọ́tò gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sí kí oníbàárà lè ṣa èyí tó wù ú. Atọpinpin ṣí i láti ẹ̀yìn. Lójú ewé tó kẹ́yìn, àyè kan ṣófo láàárín kéèkì onílé àti kéèkì oníbọ́ọ̀lù.

"Ta ló ń gbé ibí?"

"Kéèkì onílà," ni Ìyá Oníkéèkì dáhùn kíá. "Ẹni tó ra kéèkì aládùn ọsàn ló bá mi yọ ọ́. Bàbá onírùngbọ̀n kan, ó wá ṣe ti ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀. Ó jókòó ti fọ́tò yẹn títí tí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní òun fẹ́ fi han ìyàwó òun, ọjọ́ méjì péré. Ó ti di ọjọ́ márùn-ún báyìí."

"Ṣé ẹ fẹ́ gba fọ́tò yín padà?"

"Màmá, ṣé a tún ń béèrè ìyẹn?"

"Ẹ tẹ̀lé mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má tiẹ̀ bọ́ épúrọ́ọ̀nù."

Nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo wọn ti wà ní yàrá ìpàdé. Ọ̀gá Onítáì mú lẹ́tà rẹ̀ dání. Afàlà jókòó sápá kejì, àbúrò rẹ̀ tó ti bọ́ bẹ́líìtì òpó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Onírùngbọ̀n jókòó ti olórí iléeṣẹ́ kejì, ó rẹwà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ìyá Oníkéèkì ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn bí Atọpinpin ṣe sọ fún un.

Atọpinpin kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí Onírùngbọ̀n bá òun ka gígùn okùn tó kọ láàárín ilé ìwòsàn Mètírọ́nù àti ilé ìwòsàn ojú. Ó kà á: kìlómítà méje.

"Bàbá mi," ni Mètírọ́nù wí, "mo lè fi sálúbàtà sọ wọ́n láti fèrèsé mi."

Onírùngbọ̀n ní àṣìṣe kékeré ni, pé Wòóṣáájú ló fà á. Atọpinpin gbà fún un. Ó wá ṣílẹ̀kùn. Ìyá Oníkéèkì wọlé pẹ̀lú ìyẹ̀fun lórí imú, ó wo gbogbo yàrá yípo, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí irùngbọ̀n.

"Ẹ̀yin náà rèé. Fọ́tò mi dà? Ẹ ṣáà ní ọjọ́ méjì."

Ọwọ́ Onírùngbọ̀n ti dé àpò àyà rẹ̀ kí ọpọlọ rẹ̀ tó lè dá a dúró. Ìwà ọmọlúwàbí tí ìyá rẹ̀ fi kọ́ ọ, kó máa dá nǹkan onínǹkan padà, ló tú u fó. Fọ́tò náà yọ síta níṣojú gbogbo ènìyàn: kéèkì funfun kan, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba, ilé ìwòsàn mẹ́rìnlá tí wọ́n fi ṣúgà yà lójú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn wà láàárín odò búlúù.

Olórí iléeṣẹ́ kejì ká àwòrán tiwọn, ó fi sí abíyá, ó sì ní kí Onírùngbọ̀n máa bọ̀ níta.

Ìgbà náà ni Ọ̀gá Onítáì rí ohùn sọ. Ó ní, "Èmi ni mo gbé e fún wọn. Èmi ni mo tún jẹ ibi odò yẹn."

"Ẹ jẹ ilé ìwòsàn mi?" ni Mètírọ́nù béèrè.

Ẹ̀rín bú yẹ́ẹ̀. Ọ̀gá Onítáì kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó dìde, ó tú táì ẹlẹ́yẹ yẹn kúrò lọ́rùn, ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí, ó sì rìn lọ síwájú Afàlà.

"Ẹ má bínú," ni ó wí.

Láti ọdún méje, "ìwọ" ni Ọ̀gá máa ń pè é. Afàlà gbọ́ "ẹ" yẹn, ó jẹ́ kó wọlé dáadáa. Ọ̀gá gbé lẹ́tà náà sókè láti fà á ya, ṣùgbọ́n Afàlà na ọwọ́.

"Ẹ fún mi, Ọ̀gá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì mọ́."

Iléeṣẹ́ kìíní ló na okùn náà. Mètírọ́nù fi ohun kan péré ṣe àdéhùn: bí wọ́n bá ń tẹ àwòrán ìkẹyìn, kí wọ́n má ṣe gbé òun kúrò nínú odò, nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tu òun lára. Atọpinpin padà sí àgọ́ rẹ̀ pẹ̀lú téèpù, pẹ́ńsù kan àti kéèkì gígé kan tí wọ́n fi bébà wé.

Títí tí Afàlà fi dàgbà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí kọ̀ǹpútà fi rù tó sì dẹ́kun kíkùn, tí ológbò fi wá ibòmíràn sùn, ara ògiri yàrá ẹ̀yìn àkàsọ̀ ni lẹ́tà náà wà, ó kọjú sí ògiri, ó kẹ̀yìn sí ènìyàn. Ewúrẹ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, nínú odò búlúù. Ẹsẹ̀ mẹ́rin péré ló hàn. Ọmọ tó yà á ti ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tó gbé e wá: ìkarùn-ún wà lábẹ́ omi, òun ló fi ń wẹ̀.